Ọjọ́ Tí Orí-Ewúrẹ́ Wọ Ibùdó Lásísì

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọdẹ Ṣakí, ẹ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Ẹ ní Ọdẹ́rìndé ti fi ọdẹ sílẹ̀, ó ti di ẹni tó ń fi àtàǹpàkò pa ẹran. Ẹ ní igbó mi kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọdẹ́lékè tó fẹ̀yìn ti ògiri yẹn ló tilẹ̀ ní bí ẹfọ̀n bá lé mi nínú igbó tèmi, gbogbo ohun tí màá ṣe kò ju kí n pa fóònù lọ. Ó dáa. Èmi tí mo já bọ́ láti orí ègùn tí mo fi ń ṣọ́ ẹran lórí igi, tí egungun ẹsẹ̀ mi ṣẹ́, tí mo sì fi ìdí wọ́ látinú igbó títí mo fi dé ojú títì, ẹ̀rín yín ni yóò wá dẹ́rù bà mí? Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹ fún mi ní omi kí n mu, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí igbó náà ṣe rí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Igbó Kùrukùru lorúkọ rẹ̀, inú fóònù ló sì wà. Gẹ́ẹ̀mù ni wọ́n ń pè é, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí à ń pàdé níbẹ̀ kì í ṣe àwòrán lásán. Ènìyàn ni wọ́n. Ọ̀kan lè jókòó ní Ìbàdàn, kí èkejì wà ní Kàlàbá, kí ẹ̀kẹta wà ní ìlú òyìnbó tí òtútù ti ń já ènìyàn létí, kálukú di fóònù rẹ̀ mú, íńtánẹ́ẹ̀tì sì kó gbogbo wọn sínú igbó kan ṣoṣo. Irú ara tó bá wu oníkálukú ló ń gbé wọ̀. Mo ti rí ọkùnrin tí iná ń jó bùlàbùlà lórí irun rẹ̀ tó sì ń rìn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Mo ti rí ẹnìkan tó jẹ́ egungun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bàtà ṣọ́jà nìkan ló wọ̀, bó bá sì ti pa ènìyàn tán, ijó ni yóò máa jó lórí òkú rẹ̀. Ìwà wo nìyẹn? Àwa tí à ń pa ẹran gidi, ǹjẹ́ a máa ń jó lórí àgbọ̀nrín bí? Ohùn náà wà níbẹ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹni tó bá wà nítòsí rẹ ni yóò gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́, ì báà jẹ́ ọ̀tá. Bí o kò bá fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́, o ní láti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tirẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ibùdó tirẹ̀ nínú igbó náà, pẹ̀lú odi, géètì àti àwọn ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ yòókù ni kí wọ́n fi ìbọn wá gbà á. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Aṣọ́dẹ tó bá kú kò ní jí títí ìjà ọjọ́ náà yóò fi parí. Bí olórí àwọn tó wá jà bá kú sínú odi, ìjà tán, kí gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí gbogbo aṣọ́dẹ bá kú tán, ibùdó ṣubú nìyẹn. Wọn yóò pa gbogbo ilé inú rẹ̀ rẹ́, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà, ẹ̀bẹ̀ ò sì ràn án.

Ibùdó tí èmi ń ṣọ́, Lásísì ló kọ́ ọ. Wẹ́dà ni Lásísì ní Ọ̀ffà, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ̀wàá hù. Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé igbó yẹn, tí mo ń rìn gbéregbère, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń yìnbọn mọ́ mi bí ẹyẹ. Ó ní, “Bàbá Ọdẹ, ẹ dúró lẹ́yìn mi.” Èmi, kí n dúró lẹ́yìn ènìyàn? Ṣùgbọ́n mo dúró. Lásísì kọ́ ilé tirẹ̀ sí àárín ibùdó, ó gbé ère ara rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, ó sì fi ohùn ẹnu ara rẹ̀ sínú ère náà, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá tẹ àtẹ̀wọlé rẹ̀, ère yóò kí i. Nígbà tó yá, àìsàn inú mú Lásísì, kò pẹ́ rárá, ó kú. Fóònù rẹ̀ sọnù nínú rúkèrúdò ìsìnkú. Ẹ gbọ́ o: nínú gbogbo ayé, kò sí ibòmíràn tí ohùn ọmọkùnrin yẹn kù sí àfi ẹnu ère yẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró tó ń ránṣọ, kò mọ ìbọn yìn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ igbó nítorí ohùn yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, á gbé fóònù tọ ìyá wọn lọ, á rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé Lásísì, ìyá á sì gbọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa yòókù ti tú ká lẹ́yìn ikú Lásísì. Èmi pẹ̀lú Àwẹ̀ró la kù. Àwa méjì la ń ṣọ́ ohùn òkú, bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba.

Ẹnìkan wà tó ń gba ibùdó kiri bí ẹni ń ṣa àgbàdo lóko. Ara ènìyàn ló ní, aṣọ ológun ló wọ̀, ṣùgbọ́n orí ewúrẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú ìwo àti irùngbọ̀n. Orí-Ewúrẹ́ la ń pè é. Ó ti fi ẹ̀rọ yí ohùn rẹ̀ padà, ó ń dún lọ́nà ọ̀fun bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú kànga, kò sì sí ẹni tó mọ ìlú tó ti ń yọ́ wọlé. Òun ló ránṣẹ́ sí wa pé tó bá di ọ̀sán Sátidé, òun ń bọ̀ wá gba ibùdó Lásísì. Ó ní kí a tètè kó ẹrù wa. Mo ní kó wá. Èmi Ọdẹ́rìndé, ẹ ti gbọ́ ọ rí pé mo sá fún ewúrẹ́?

Àmọ́ géètì wa kò dára. Ìdábùú rẹ̀ ti tẹ̀ láti ọjọ́ ìjà mìíràn, bí wọ́n bá tì í dáadáa, yóò kán. Ìdábùú irin tuntun kò sí níbòmíràn àfi lórí Òkè Irin, ní òdìkejì igbó. Ni mo bá sọ fún Àwẹ̀ró pé kó jókòó ti géètì, pé mo ń lọ mú un wá. Ó ní Bàbá Ọdẹ, ẹ má pẹ́. Mo ní ọdẹ kì í pẹ́, ọ̀nà ni í jìn. Ní òwúrọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí mo ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo na ẹsẹ̀ mi tó ń ro mí sórí àpótí, mo sì wọ igbó.

N kò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí lọ́nà fún yín, nítorí ẹlòmíràn nínú yín á ní mo ń parọ́, màá sì ní láti lù ú. Ohun tí mo bá lórí Òkè Irin nìkan ni màá sọ. Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀. Ó gbé orí ara rẹ̀ sábẹ́ apá òsì, orí náà sì la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè. Òun ló kọ́kọ́ dé ibi tí irin wà, gbogbo ìdábùú tó wà níbẹ̀ ló ti kó sábẹ́ ìdí. Orí sọ̀rọ̀ sí mi, n kò gbọ́ èdè rẹ̀. Èmi náà sọ̀rọ̀, kò gbọ́ tèmi. Ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀ bá fi ẹ̀rín pa ara yín: èmi ń fi ọwọ́ ṣe géètì, òun ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù ú kù ṣe ìbọn. Nígbà tó yá ni mo mòye pé ọta ló ń fẹ́. Ìbọn ló ní, kò ní ọta. Èmi ní ọta, n kò ní irin. Mo fún un ní díẹ̀, orí náà mì lábẹ́ apá rẹ̀ pé kò tó. Mo fi kún un, ó tún mì. Mo bú u ní Yorùbá, ó bú mi ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa ná an títí ó fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọta mi. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Mo gbé irin lé èjìká, mo ń sọ̀ kalẹ̀, ọta tó kù sínú ìbọn mi kò tó nǹkan.

Ẹni tó bá gbé ìdábùú irin kò lè sáré nínú igbó yẹn. Mo ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀ títí mo fi dé orí afárá onígi tó wà lórí odò. Orí afárá yẹn, ìbọn kì í dún níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe igbó náà nìyẹn. Ibẹ̀ ni Orí-Ewúrẹ́ dúró sí, ó la ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó di ọ̀nà mọ́ mi.

“Bàbá Ọdẹ, ẹ káàsán,” ni ó wí. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀ kí èmi tó sọ ẹ̀yin fúnra yín kalẹ̀.”

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn. Ó ń fi “ẹ” halẹ̀ mọ́ mi! Mo ti rí ọ̀tá oríṣiríṣi, n kò rí èyí tó ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó yà lọ́nà. Ó ní òun kò ní yà, àfi bí mo bá já àlọ́ òun, pé bí mo bá já a, òun á jẹ́ kí n kọjá. Èmi tí ìyá ìyá mi fi àlọ́ tọ́ dàgbà! Mo ní kó pa á.

Ó ní, “Kí ló ń kú lójoojúmọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kì í ṣe opó?”

Mo ní, “Èmi àtìwọ nínú igbó yìí ni.”

Ó rẹ́rìn-ín nínú kànga rẹ̀ yẹn. Ó tún ní, kí ló ń jẹun tí kì í yó, tó jẹ́ pé bó bá kú, okùn ni olówó rẹ̀ máa ń wá kiri? Mo ní fóònù ni, okùn tí à ń wá ni ti ṣájà. Mo wá ní tèmi ló kù, pé bí òun kò bá já a, kó kúrò lójú ọ̀nà mi kíákíá. Mo ní, “Ilé ló ń ṣọ́, kò wọlé rí. Ìta ló kọjú sí, kò jáde rí. Kí ni?”

Ó ronú. Ó ní ajá ni. Mo ní ajá wo ni kò jáde rí? Ó ní ère ni. Mo ní rárá, géètì ni, òun ni mo sì fẹ́ lọ tì mọ́ ọ lójú. Kò bínú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n gbọ́ òun gẹ́gẹ́ bí àgbà. Ó ní ibùdó tí èmi àti obìnrin aránṣọ kan ń ṣọ́, ọjọ́ mélòó ló kù fún un? Kí n fi géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí, òun á sọ mí di Balógun òun, òun á fún mi ní ilé lórí òkè, pẹ̀lú ìbọn tó ń yìn láìdúró. Òun kò bèèrè ju kí n má ṣe nǹkan kan. Mo ní, “Kàkà kí kìnnìún ṣe akápò ẹkùn, ọdẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò máa ṣe. Yà fún mi.” Ó sì yà fún mi, ó tilẹ̀ ní kí n máa rọra o. Ìgbà tí mo kọjá tán ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe. Àlọ́ kọ́ ló wá pa. Ó dá mi dúró kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè dé ibùdó ṣáájú mi ni.

Mo gun orí òkìtì kan, mo wo ọ̀nà ibùdó. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti lúgọ sínú igbó yí odi ká. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹnìkan dúró níwájú géètì gan-an, aṣọ tí mo wọ̀ ló wọ̀, fìlà ọdẹ bí tèmi ló dé, ó sì gbé igi gígùn kan lé èjìká bí ẹni gbé irin. Ó ń kan géètì. Èmi tí wọ́n fi ń tan Àwẹ̀ró nìyẹn. N kò lè pariwo, ọ̀tá á gbọ́. Ni mo bá tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i kíákíá. Ohun tí mo tẹ̀ rèé, bó ṣe wà lójú fóònù: “ma si geeti mo n bo.”

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí ìbọn ń bọ̀? Mo ní má ṣí géètì, mo ń bọ̀. Àwẹ̀ró kà á, ó rí máa ṣí géètì, mo ń bọ̀. Ó wo ìta, ó rí bàbá kan tó gbé irin. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? N kò jẹ̀bi, òun náà kò jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò dá ṣáká lójú ẹni tó kọ ọ́. Ó ṣí géètì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa lanu gbàgà ní ọ̀sán gangan.

Wọ́n rọ́ wọlé. Mo gbọ́ igbe Àwẹ̀ró àti ìró ìbọn. N kò gba ọ̀nà géètì, mo gba ẹ̀yìn odi, níbi tí Lásísì dá ojú àgbàrá sí. Ihò náà kò fẹ̀. Mo ti irin wọlé ṣáájú, mo ń rá tẹ̀lé e, ẹnìkan sì rí mi láti ẹ̀yìn, ó ń yìnbọn mọ́ mi ní gìgísẹ̀. Ọta kan bà mí, ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀ lójú fóònù títí ó fi ku bíńtín. Ẹsẹ̀ mi gidi tó wà lórí àpótí ni mo ń fà sókè, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń yìn. Ìyàwó mi wọlé, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń pariwo, mo ní kó jọ̀wọ́ kó jáde, ogun ń jà. Ó wò mí, ó mi orí, ó jáde.

Bí mo ṣe yọ sínú odi, mo rí pé àwọn díẹ̀ ti wọlé, Orí-Ewúrẹ́ wà láàárín wọn, èyí tó pọ̀ jù sì ń sáré bọ̀ látinú igbó. Ọgbọ́n kan ṣàdédé bọ́ sí mi nínú. Kí ni mo fẹ́ máa lé wọn jáde fún? Ẹran tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ọgbà, géètì là ń tì mọ́ ọn. Ní báyìí n kò tẹ nǹkan kan mọ́. Mo fi ẹnu mi pariwo pé, “Tì í! Àwẹ̀ró, tì í pa!” Ó sáré jáde láti ẹ̀yìn àgbá omi tó sá pamọ́ sí, ó fi èjìká ti géètì, mo sì ju ìdábùú tuntun sínú ojú rẹ̀. Ó wọlé dáadáa. Àwọn tó wà níta fi ara lù ú, fi ọta lù ú, irin Òkè Irin kò mì.

Àwa àti àwọn tó wọlé la kù nínú odi. Ilé wa ni, a mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwẹ̀ró tí kò mọ ìbọn yìn nígbà kan, òun ló pa ẹni tó wọ aṣọ mi, ó sì bú u kó tó pa á. Èmi mú àwọn yòókù ní ẹ̀gbẹ́ odi, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, títí ó fi ku ọta kan ṣoṣo nínú ìbọn mi àti Orí-Ewúrẹ́ nìkan nínú odi. Ọta Àwẹ̀ró ti tán pátápátá. A kò rí ewúrẹ́ yẹn mọ́. Ó ti sá wọ àárín àwọn ilé. Láti ibẹ̀ ni ohùn kànga rẹ̀ ti jáde, ó ní kí a ṣí géètì fún àwọn ènìyàn òun, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á máa sun ilé wa níkọ̀ọ̀kan. Kó tó pa ẹnu dé, ó ju ìgò epo sí ilé Àwẹ̀ró, èyí tó kó aṣọ aláràbarà kọ́ sí fèrèsé rẹ̀. Ó jó. Èéfín bo gbogbo ibùdó, n kò rí ọwọ́ ara mi.

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe nítorí ilé tirẹ̀. Ilé Lásísì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣí i,” ni ó wí. “Bó bá sun ilé ẹ̀gbọ́n mi, kí ni màá sọ fún ìyá wa?”

Ó dùn mí. Kí n má parọ́ fún yín, ó dùn mí dé egungun, nítorí ìyá yẹn, n kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àgbàlagbà ń gbọ́ nínú ohùn ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Mo ní, “Bá a bá ṣí i, gbogbo wọn á wọlé, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ náà á sì lọ. Má ṣí i. Ṣé o gbọ́ ohùn mi báyìí? Má ṣí i.” Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́. Ó ti fi géètì sílẹ̀, ó ti sáré wọ inú èéfín lọ dúró ti ilé Lásísì, láìní ọta lọ́wọ́.

Èmi náà tẹ̀lé e. Mo ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo gbé ìbọn sójú, mo dé ọ̀ọ́kán ilé náà. Mo rí òjìji ènìyàn kan nínú èéfín tó ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ta ni? Bó bá jẹ́ Àwẹ̀ró, tí mo sì yìn ín, mo ti pa ẹni mi, ọta ti tán, ìjà ti tán. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́, tí n kò sì yìn ín, iná ló kàn. Mo gbé ìka sórí ibi tí à ń tẹ̀ yìnbọn, n kò tíì tẹ̀ ẹ́. Òjìji náà tẹ àtẹ̀wọlé. Ère sì sọ̀rọ̀, ohùn Lásísì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà ayé rẹ̀:

“Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ni mo bá gbọ́ ohùn kànga látinú èéfín, tó dáhùn wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé:

“Ẹ kú ilé, sà. A ti jẹun.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́! Àlejò ni í kí onílé kú ilé. Àwẹ̀ró kì í ṣe àlejò ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì ní pè é ní sà. Mo yìnbọn. Ìgò bọ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́, kò tíì dá iná sí i, òun fúnra rẹ̀ sì dojú dé sí ẹsẹ̀ ère Lásísì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn tó ń lu géètì níta dáwọ́ dúró. Ìjà parí. Èéfín ń ká lọ díẹ̀díẹ̀, mo rí Àwẹ̀ró tó na ọwọ́ méjèèjì dí ilẹ̀kùn lẹ́yìn ère, kò tíì mọ̀ pé a ti ṣẹ́gun.

Lẹ́yìn èyí ni Orí-Ewúrẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó bi mí pé ta ni ẹni tó kí òun yẹn, pé òun rò pé àwa méjì nìkan la kù ní ibùdó. Kí n tó dá a lóhùn, Àwẹ̀ró ti dá a lóhùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ó ti di olóògbé, ohùn rẹ̀ tó kù láyé ni ewúrẹ́ náà fẹ́ sun yẹn. Orí-Ewúrẹ́ kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó ní òun kò mọ̀, àti pé òun kò ní wá síbẹ̀ mọ́. Inú bí mi. Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá mọ́? Mo tẹ̀ ẹ́ sí i, lọ́tẹ̀ yìí mo fi gbogbo àmì sórí rẹ̀, n kò fo ọ̀kan. Mo ní kó máa bọ̀. Kó kó ogun tó ju ti Sátidé lọ wá. A ti ń tún odi ṣe, ọta tuntun ti wà nílẹ̀, èmi àti ọmọ mi Àwẹ̀ró wà lẹ́nu géètì, a kò lọ síbì kankan.

Ọdẹ́lékè, mo rí ọ tó ń gbé ẹnu sókè. O fẹ́ bi mí pé ẹran wo ni mo wá pa wálé nínú gbogbo ariwo yìí. Ìbéèrè gidi ni, màá dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, Àwẹ̀ró gbé fóònù wọ yàrá ìyá wọn ní Ọ̀ffà. Kò sọ ogun kankan fún ìyá, ó kàn rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé Lásísì, ohùn sì jáde, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Àwẹ̀ró ní ìyá tún gèlè wọn ṣe, wọ́n fà mọ́ fóònù, wọ́n ní, “Mo ti jẹun, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́?” Ohun tí mo pa wálé nìyẹn. Ẹni tó bá ti pa ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín yín, kó dìde dúró kí n rí i.